Fìlà Méjì, Ìwọ̀n Kan

Màkún, Ṣàgámù,
Oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1984.

Olúkẹ́mi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ìwọ àti ọkọ rẹ Adétúnbọ̀, àti àwọn èèyàn mi méjì tó wà nínú rẹ? Àwa náà wà níbí, àfi orúnkún mi tí òjò ń dá lóró. Ọlọ́run tó fi ìbejì sínú rẹ kò ní í gbàgbé wọn síbẹ̀. Tíṣà Lásúnkànmí ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Mo rí fọ́tò inú rẹ tí o fi ránṣẹ́. Ta ló yà á? Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, èéfín ni mo rí. Bánkẹ́ tí a jọ ń ṣa obì ní Sábó ní òun rí ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n Bánkẹ́ kì í rí kòkòrò lára obì. Ẹ bá mi sọ fún dókítà kí wọ́n wá onífọ́tò gidi, kí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà kọjú síta.

O ní ibi ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò, pé iṣan wọn wọnú ara wọn, ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan wá ń ṣàn lọ sára èkejì: ọ̀kan ń tóbi, omi rẹ̀ ń pọ̀ jù, èkejì ń gbẹ. Inú bí mi. Mo ní Kẹ́hìndé nìyẹn, torí òun ni ẹ̀gbọ́n. Mo bá a wí láti Màkún níbí pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo se ẹ̀wà ìbejì fún àwọn ọmọ àdúgbò, ìpín Táíwò nìkan ni mo bù, mo gbé ti Kẹ́hìndé pamọ́ kó lè kọ́gbọ́n.

Ni Tíṣà bá tún lẹ́tà rẹ kà fún mi, ó ní kì í ṣe pé ẹni ńlá ń jalè, wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ lé e lórí ni, ọkàn rẹ̀ kò sì lè gbé e, òun gan-an lè ṣáájú kú. Olúkẹ́mi, mo sunkún. Mo tún ẹ̀wà mìíràn se, mo bù ú dọ́gba sínú abọ́ méjì. Bá mi sọ fún Kẹ́hìndé kó má bínú sí ìyá àgbà.

Abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń fa omi lọ́dọ̀ ẹni ńlá, jẹ́ kí wọ́n máa fà á, kí o sì dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n ń da omi náà nù? Kí wọ́n dà á sọ́dọ̀ Táíwò ṣáá. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni kò tó o, mo ti lọ bá nọ́ọ̀sì kan pé kó fa tèmi sínú ìgò, kí n fi mọ́tò obì tó ń wá sí ìlú yín gbé e wá. Ó wò mí, ó ní kí n jókòó kí n sinmi.

Owó páànù tí mo fẹ́ béèrè, gbàgbé rẹ̀, kí ilé máa jò. Owó ọkọ̀ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, kí n wá jókòó tì ọ́. Fìlà òwú tí mo ti hun, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́, mo ti tú wọn. Mo ti tún wọn hun ní ìwọ̀n kan náà. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, á jẹ́ kí orí méjèèjì dé fìlà wọn. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé fìlà kan padà wálé.

Ìyá rẹ tó bí ọ,
Àtinúkẹ́.