Orúkọ Yín Lára Ògiri

Màmá Kékeré mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru ẹ̀rọ, ẹ kú ìdúró láti àárọ̀. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ yín má sì máa wú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi náà wà láàyè. N kò lè purọ́ fún yín pé mo wà dáadáa.

Mo ti pè yín títí, ẹ kò gbé e. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ kò gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bíírò. Bí inú bá bí yín tí ẹ ju lẹ́tà sápá kan, á ṣì wà níbẹ̀ títí inú yín yóò fi rọ̀ díẹ̀.

Màmá mi ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní Ọ̀gá Má-Wulẹ̀-Dúró, bí ẹ ṣe máa ń pe ọ̀gá yín nílé, ti mú yín kúrò nídìí ẹ̀rọ tí ẹ ti fi ń lọ aṣọ nílé alágbàfọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀gá ní kí ẹ lọ máa ká táwẹ́ẹ̀lì lẹ́yìnkùlé títí ẹ ó fi dáhùn ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ mi kọ sí yín. Bí ẹ bá sì dáhùn pé lóòótọ́ lẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ má wulẹ̀ padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ bí orúkọ yín ṣe dé ara ògiri. Ẹ ó rántí ọjọ́ tí mo wá kí yín nígbà ìsinmi. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná oníyọ̀, ẹ ń sọ̀rọ̀ Onígíláàsì, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ bí irin tó yẹ kó dá ọwọ́ dúró lẹ́nu ẹ̀rọ ṣe kán, tí ọ̀gá ní kí ẹ fi okùn so ó, tí okùn náà já, tí ẹ̀rọ sì tẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá wá kọ́ ọ pé kó sọ fún dókítà pé tíì gbígbóná ló dà sí òun lọ́wọ́ nílé. Ẹ ní, "Tíì wo ló ń lọ ọwọ́ èèyàn pẹlẹbẹ bíi kọ́là ẹ̀wù?" Ẹ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú yín.

Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo gbé lé itan mi. Ẹ bi mí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré, kí lò ń kọ? Àbí ẹnu mi ti di ìwé ni?" Mo ní kò sí nǹkan, ma. Èsì yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ká ní mo dá yín lóhùn bó ṣe yẹ ni, ẹ̀ bá ti ní kí n pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olè ni olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìwé kíkọ kọ́kọ́ fi dẹ́rù bà wá. Ó ní ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí kò dárúkọ ẹni tó ni ín, kò yàtọ̀ sí gbéwiri. Ó gbé àròkọ ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó níwájú mi sókè, ó ti fi bíírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá lára rẹ̀, torí gbólóhùn kan ṣoṣo tó mú nínú ìwé tí kò sọ ibi tó ti mú un. Ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà ni mò ń wò, ó ń làágùn. Ẹ mọ̀ mí ṣáá, èmi tí mo máa ń padà lọ fa ilẹ̀kùn wò lẹ́yìn tí mo ti tì í.

Torí náà, nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ yín ṣe àròkọ tèmi, mo kọ gbogbo rẹ̀ pátá: orúkọ yín àti ti bàbá yín, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ilé alágbàfọ̀ tí ẹ ti ń ṣe é, ọjọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀. Mo lọ kan ilẹ̀kùn olùkọ́ láti bi í bóyá kọ́mà ló yẹ kó tẹ̀lé orúkọ yín. Mo tún padà lọ bi í bóyá inú àkámọ́ ni ọjọ́ ń gbé. Ó ní, "Ọmọ yìí, wàá pa mí o." Kò sí ohun tí n kò béèrè lọ́wọ́ ẹni gbogbo, àfi ẹ̀yin tí ẹ ni ọ̀rọ̀ ni n kò béèrè lọ́wọ́ yín.

Ojú méjì ni ìwé òfin pélébé tí olùkọ́ pín fún wa ní. Mo kọ́ ojú kìíní sórí, n kò yí i padà rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kí a gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ ká tó dárúkọ rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì lè kó bá a, kí a fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Olùkọ́ fẹ́ràn àròkọ náà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kọ sókè rẹ̀ pé, "Báyìí ni a ṣe ń dárúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀." Inú mi dùn débi pé mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí n kò ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀. N kò mọ̀ pé ọmọ ọ̀gá yín wà ní kíláàsì kejì, àti pé ó ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé òkò ló wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá yín wá sílé ẹ̀kọ́, ó ní irọ́ ni mo pa, kò sí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ òun tó sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní fífi ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò sọ sí i lẹ́nu burú ju olè lọ, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé bi yín. Bí ẹ bá ní ẹ kò sọ ọ́, òdo ni n ó gbà, n ó sì dúró níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Àbí o ò tiẹ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ obìnrin yìí?" Mo mi orí pé n kò gbà á. Ó ní òun náà kò béèrè kí òun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó sì lọ fọwọ́ ara rẹ̀ ya á kúrò. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ma. Ó ti fọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò sọ ọ́. N kò ní tàn yín, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo sunkún nílé ìwẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo ṣí omi kí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá má bàa gbọ́. Ṣùgbọ́n òdo tèmi, mo lè tún kíláàsì náà ṣe. Ta ni yóò gba ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lé pé ó ń tú àṣírí ibi iṣẹ́? Èmi ni mo fi yín sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí n lọ dúró níbẹ̀ dípò yín. Ẹ̀wù funfun tí ẹ lọ̀ fún mi kí n tó wá síbí ṣì wà lára ìṣó, n kò tíì wọ̀ ọ́, kí ojú ibi tí ẹ lọ̀ má bàa bàjẹ́. Òun ni n ó wọ̀ lọ síwájú wọn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín já sófo. Ọwọ́ tí ẹ fi tọ́ mi kò ní rí ìjàǹbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, tèmi náà á wà níbẹ̀, bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ ẹ.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó dárúkọ yín láìgbàṣẹ,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré.

Àfikún: Mo ti ki lẹ́tà bọ àpòòwé kí Màmá mi tó pè. Ó ní ọ̀gá pè yín sí ọ́fíìsì lánàá, ó ti kọ èsì náà sílẹ̀ fún yín pé ẹ kò sọ ọ́, kí ẹ fọwọ́ sí i ló kù. Ó ní ẹ kà á tán, ẹ dá a padà sórí tábìlì, ẹ ní, "Èmi ni mo sọ ọ́. Àṣìṣe kan péré lọmọ náà ṣe. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún sì ni." Ẹ lọ ká táwẹ́ẹ̀lì tó kù nílẹ̀ tán, ẹ mú báàgì yín, ẹ jáde. Màmá ní inú ṣì ń bí yín, ẹ kò tíì fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti lọ wo àròkọ náà, mo sì ti wo lẹ́tà yìí pẹ̀lú. Ọwọ́ òsì ni mo kọ sí méjèèjì. Gbogbo kọ́mà ló wà ní ààyè wọn.