Ibi Tí Òòlù Mi Kò Dé Lára Àpáta

Ojúlé Kẹsàn-án,
Abẹ́ Àpáta,
Salzburg.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹrin, 1987.

Leonhard, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Èmi tí ebi pa lórí òkè títí mo fi jẹ èèpo ànàmọ́, tí mo fẹsẹ̀ rin inú yìnyín wọ ìlú yìí, tí òkúta fọ́ èjìká mi lẹ́ẹ̀mejì, tí n kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ nílé ẹ̀kọ́, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ṣé ara le ní Linz? Ìyàwó ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn?

O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ àpáta yìí bíi tèmi. Ogún ọdún ni mo fi jẹ́ olórí àwa tí à ń fi okùn rọ̀ sókè orí ilé àwọn èèyàn lọ́dọọdún, tí à ń fi òòlù lu àpáta, tí à ń fetí sí i. Èyí tó bá dún bí igbá, a yọ ọ́ kó tó já. Àwọn àlejò tó ń wo ilé odi lókè, tó ń ya fọ́tò ibojì nísàlẹ̀, èmi ni kò jẹ́ kí òkúta fọ́ wọn lórí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé òdòdó lọ síbi ibojì Wolfram, ẹ̀gbọ́n rẹ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí okùn. Notburga tó ń tọ́jú itẹ́ òkú ní kí n na ọwọ́, ó sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí i.

“Orí Wolfram nìkan ló ń já sí láràárọ̀. Àwọn àlejò ní òkú ló ń sọ̀kò.”

Mo ní, “Ẹyẹ ni.”

“Ẹyẹ wo? Bàbá Aschauer, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ máa ń gbọ́ àpáta láti orí bẹ́ẹ̀dì yín, àbí etí ti lọ ni?”

Etí kò lọ. Leonhard, láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti já níwájú mi, n kò fi òòlù lu ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlá gbáko. Mo máa ń sọ fáwọn yòókù pé kí wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi, n óò dijú níbẹ̀ díẹ̀, n óò ní ó dún dáadáa. Lẹ́ẹ̀kan tí mo gbìyànjú, n kò tíì sọ òòlù kalẹ̀ tí mo fi gbọ́ ìró láti inú òkúta lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí Wolfram ṣe máa ń lù ú. Àwọn tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi kì í lu ibẹ̀, torí Aschauer ti ní ó dára. Abẹ́ rẹ̀ gan-an, níbi ibojì Wolfram, làwọn àlejò ń dúró.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Gebhard, olórí wọn. Ó ní òun á lù ú fúnra òun.

“Bàbá, ẹ ti lé láàádọ́rin. Ẹ jókòó.”

“Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń so okùn?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Lọ wá okùn.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Má fi ìwé yìí hàn wọ́n.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn óò ti ọ̀nà itẹ́ òkú pa, èmi óò sì sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. N óò yọ ohun tó bá yẹ ní yíyọ. Lọ́jọ́rú, n óò wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Linz, kí o lè sọ tẹnu rẹ sí mi lójú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,
Korbinian Aschauer.