Ẹ Sọ fún Wọn Pé Ẹsẹ̀ Mi Kò Tíì San

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Láti Houston ní Amẹ́ríkà níbí ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi òsì kò jẹ́ kí n lè nà gbalaja bí ọmọ gidi ṣe ń nà. Mo kí Fọlákẹ́ àbúrò mi, tó ń mú yín lọ tó ń mú yín bọ̀. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkirè, àti àwọn ìyá ìjọ tí ẹ jọ ń gbàdúrà. Bísí ìyàwó mi ní kí n bá òun kúnlẹ̀ kí yín. Títí ọmọ wa náà ní kí n kí Grandma, kí n má sì gbàgbé láti sọ pé eyín òun méjì ti yọ.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí ti bá yín. Mo ti kọ èyí tó wà nínú àpòòwé ránṣẹ́, Fọlákẹ́ sì kà á fún yín, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé nígbà tí òun dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi, ńṣe ni òun fò ó, tí òun bọ́ sí ibi tí mo ti ń kí àwọn ará àdúgbò. Ó ní òun kò lè fi ẹnu òun ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí yín létí. Mi ò bá a wí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kò ṣeé fò. Bí Fọlákẹ́ bá fò ó, olùkọ́ tó ń gbé ilé kejì á kà á, ìyá oníbúrẹ́dì á gbọ́, yóò sì dé ọ̀dọ̀ yín. Mo sì mọ̀ pé ìyá mìíràn wà níbẹ̀ tó ń ṣe bíi tiyín, tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tó ń fi ìfẹ́ dínà mọ́ ọn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá: katakata ìjọba ni mò ń wà nígbà tí à ń la títì. Ilẹ̀ tó ti mu omi òjò yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì dojú dé pẹ̀lú mi. Egungun ẹsẹ̀ òsì mi fọ́. Wọ́n tò ó, ó jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ìjọba ló ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ní wọn yóò máa san owó kan fún mi níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ náà kò bá ti jẹ́ kí n lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí Bísí rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí, tí mo sì tẹ̀ lé e, mo fi orúkọ yín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń san án ní Ìbàdàn, pé ìyá mi ni yóò máa bá mi gbà á, òun ni yóò sì máa jẹ́rìí pé mo wà láàyè, àti pé bí ẹsẹ̀ náà ṣe wà ló ṣì wà. Mo ní kí owó náà máa ra oògùn tí ẹ ń kán sójú.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba. Wọ́n ní kí wọ́n yẹ gbogbo ẹni tó ń gba irú owó yìí wò lákọ̀tun, nítorí ayédèrú ti pọ̀ jù. Ẹ wọ aṣọ funfun yín, ẹ lọ. Fọlákẹ́ ní ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún yín, ó fún yín ní àga. Ó bi yín bóyá ẹsẹ̀ ọmọ yín ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà rò pé ẹ kò gbọ́ òun dáadáa, ó tún un bi, díẹ̀ ló kù kó fi ìdáhùn sí yín lẹ́nu: ó ní ṣé kì í ṣe pé ó ṣì ń tiro ni. Ẹ dìde lórí àga. Ẹ ní ọmọ yín kò tiro, ẹ ní ó ń fò bí àgbọ̀nrín, pé ọ̀tá ni yóò tiro. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń ṣe àmín, àmín. Kí ni ọkùnrin náà ìbá ṣe? Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara mi ti dá, owó sì dúró.

Nígbà tí mo gbọ́, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni pé mò ń gbọ́ ohùn yín. Ta ni kò mọ̀ pé ìyá kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ di olókùnrùn? Nígbà tí ibà bá mú wa ní kékeré, ẹ máa ń sọ fún àwọn tó bá béèrè wa pé a sùn ni. Èmi náà ńkọ́? Bí ẹ bá bi mí lórí tẹlifóònù pé ara ńkọ́, mo máa ń ní ara le, a dúpẹ́, ọ̀pá mi á sì fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, inú bí mi, Màámi. Inú bí mi gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Inú ilé onígíláàsì kékeré kan ni mo ń jókòó sí láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ní ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lábẹ́ ilé gogoro kan ní àdúgbò Uptown, nítòsí mọ́ọ̀lù ńlá. Mò ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, mò ń gba owó, mò ń ṣí irin fún wọn. Iṣẹ́ ìjókòó ni, òun ló bá ẹsẹ̀ mi mu. Ooru ìlú yìí kò yàtọ̀ sí ti Èkó, ṣùgbọ́n bí òtútù bá fẹ́ dé, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Odidi ọjọ́ lè lọ kí ẹnikẹ́ni má kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n á na ọwọ́ láti inú mọ́tò, wọ́n á sì lọ. Epo rọ̀bì tí gbogbo ìlú yìí gbójú lé ti wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ ń kó kúrò nínú ilé gogoro náà, mọ́tò kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti dín wákàtí iṣẹ́ mi kù. Ẹ̀yin ará ilé rò pé ilẹ̀ ni a ti ń ṣa dọ́là. Náírà yín ṣì níyì ju dọ́là lọ, ẹ ò mọ̀ ni. Owó tó dúró ní Ìbàdàn yẹn, mi ò rí ibi tí màá ti rí i dípò.

Ní ibi iṣẹ́ mi yìí, àwọn àyè kan wà nítòsí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kùn ní búlúù. Òfin ní ti àwọn aláàbọ̀ ara ni. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá gbé mọ́tò síbẹ̀, màá bọ́ síta lọ lé e. Tèmi ńkọ́? Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ń gbé tèmi sí, tí màá wá wọ́ ẹsẹ̀ gòkè wá síbi iṣẹ́. Kí n tó lè gbé e sí àyè búlúù, mo ní láti gba káàdì kan tí yóò wà níwájú mọ́tò, tí yóò sọ fún ayé pé aláàbọ̀ ara ni mí. Èmi náà ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀gá mi, òyìnbó àgbàlagbà kan, bi mí ní ìdí rẹ̀ títí ó fi sú u.

Títí ló là mí lójú. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ nípa bàbá rẹ̀ ní kíláàsì. Olùkọ́ rẹ̀ ròyìn fún Bísí pé Títí ní dádì òun mọ jọ̀lọ́ọ̀fù sè, pé ó máa ń pariwo bó bá ń wo bọ́ọ̀lù, àti pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára, òun ló ń bá a gbé báàgì. Ara mi gbóná. Mo pè é, mo bi í ta ló ní kó máa sọ ẹsẹ̀ mi nígbangba. Ọmọ náà wò mí lójú, ohun tó fa ìbínú kò yé e rárá. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí ni. Ó ti sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi kò sì burú ju ti àná lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Dókítà Adéoyè. Ó wá kàwé síbí ló bá di ará ibí, ìjọ aládùúrà wa ló ń wá, ó sì ti ń rí bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán tiro nínú sùtánà láti ìgbà tí mo dé. Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò dáadáa. Ó ní egungun ti so wọ́, kò ní tọ́ mọ́, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn mí pé kí n ju ọ̀pá mi nù. Mo sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú kò sì tì mí. Ó bá mi fọwọ́ sí ti káàdì náà, ó sì kọ ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá, mo gbé mọ́tò mi sí àyè búlúù. Ọ̀gá mi rí i, ó kàn mi orí, ó kọjá lọ.

Ìbàdàn ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn rí ìwé dókítà, ṣùgbọ́n ìyá tí mo fúnra mi fi ṣe ẹlẹ́rìí ti sọ níwájú ènìyàn pé mo ti san. Àfi kí ìyá náà padà wá fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Wọ́n fún wa láàyè títí ọdún Àjíǹde yóò fi kọjá. Bí ẹ kò bá lọ, tàbí tí ẹ lọ tí ẹ tún ní mò ń fò bí àgbọ̀nrín, ó parí nìyẹn.

Fọlákẹ́ ní oògùn ojú yín ti tán. Ó ní ẹ fi orúkọ ẹlòmíràn kí ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ sì já sínú gọ́tà tó ti wà lójúde wa kí ẹ tó bí mi. Nígbà tó bi yín, ẹ ní ojú yín ń ríran kedere. Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Dókítà Adéoyè ní irú àrùn ojú yẹn, ohun tó bá ti mú lọ, kì í dá a padà mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ dákẹ́, orin pé ara le ni ẹ̀ ń kọ.

Mi ò ní kí ẹ pe àìsàn lé mi lórí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn, ẹ kàn sọ fún un pé ọmọ yín ní ẹsẹ̀ òun kò tíì san. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn, iṣẹ́ ni mo rán yín. Bí ibi kan bá wà nínú rẹ̀, ẹnu èmi ló ti jáde. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi mú un dé Ìbàdàn, kí ẹ sì fi àmín yín sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́; ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo ní kí ẹ wò, ìyá mi, nígbà tí ojú ṣì wà tí ẹ ó fi wò ó.

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, màá wálé lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀pá ni màá fi sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ má sáré wá gbé mi, ẹ má sì wọlé lọ sunkún. Ẹ dúró lójúde, kí n tiro dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì ti òkèèrè fi bí mo ṣe ń rìn mọ̀ pé èmi ni.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú yín kò ní fọ́, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi kí ìyá oníbúrẹ́dì pẹ̀lú, ní orúkọ rẹ̀ gan-an.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì san,
Ọlálékan