Kí Ohùn Ọmọ Náà Lè Kún Pálọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Àbíkẹ́yìn wa kọ̀wé. Wọ́n ti gbà fún un. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún, aago mẹ́wàá àárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ka ìròyìn lórí rédíò tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ń kọ ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn olóhùn gbígbẹ láti kà. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ìyá wọn ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó sunkún. Ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ lórí fóònù o, pé ńṣe ni fóònù ń han gooro létí òun. Àwọn sípíkà ńlá tó wà ní pálọ̀ lòun fẹ́. "Bàbá wọn, ẹ ṣáà bá mi ṣe é. Mo fẹ́ kí ohùn ọmọ mi kún ilé yìí. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín lọ́dún yìí nìyẹn." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

Ṣé ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ bẹ èèyàn nìyẹn? Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún wáyà tẹlifóònù ṣe. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni rédíò náà wà. Kò ṣí lórí àpótí dúdú tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń ṣí lórí láptọ́ọ̀pù mi, èyí tó ń lo Linux dípò Windows. Kí n kàn ta ohùn láti inú láptọ́ọ̀pù gba orí wáífáì lọ bá àpótí, kí àpótí gbé e fún sípíkà. Ó parí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, 6

Láptọ́ọ̀pù ò rí àpótí. Wákàtí mẹ́ta. Mo wá a bí ẹni wá abẹ́rẹ́, kò sí. Kí ni mo wá rí? Orí wáífáì àlejò ni wọ́n so àpótí mọ́, láptọ́ọ̀pù sì wà lórí wáífáì onílé. Wọn ò lè fojú kan ara wọn títí ayé.

Ta ló so ó síbẹ̀? Àbúrò ìyàwó mi ni. Oníṣòwò táyà. Ṣe-é-Báyìí ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò sí iṣẹ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sì sí èyí tó ṣe yọrí rí. Òun ló ra àpótí náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà ló tò ó. Mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é báyìí: ẹ fi wáyà so ó, kó tán síbẹ̀." Wáyà! Wáyà tó kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tó fi tiro fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti búra pé wáyà ò ní gba àárín pálọ̀ yẹn kọjá mọ́. Ọ̀dẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Wọ́n ti ríra wọn. Mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù ní yàrá ẹ̀yìn, mo fi Ìyá wọn sí pálọ̀ kó máa bá mi gbọ́ ọ. Mo pariwo pé, "Ṣé ó ń dún?" Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún pariwo. Kò dáhùn. Nígbà tó yá, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ń pè mí ni?"

Èèyàn á rin ilé já kó tó béèrè ohun tí mo wí! Bí ẹni pé oko lẹ́gàn là ń gbé. Mo ní kó lọ gbọ́ bóyá ó ń dún. Ó lọ. Ó padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó ń dún o. Ó dáa gan-an." Inú mi dùn, mo gbéra, mo lọ wò ó.

Wọn ò tíì tan sípíkà! Iná rẹ̀ ò tíì wọlé rárá. Àwọ̀ mèremère tó ń jó lójú tẹlifíṣọ̀n ló rí tó fi wá ń sọ fún mi pé ó dáa gan-an. Mo bi í léèrè pé ṣé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní kí n má bínú. Ọdún mẹ́rìndínlógójì tí a ti fẹ́ra, irọ́ ìtùnú ṣì ni mò ń jẹ nílé ara mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Àbíkẹ́yìn pè wá, tòun ti àwòrán. Ìyá wọn gbá fóònù mọ́jú. "Má yí ojú kúrò, ọmọ mi, jẹ́ kí n máa wò ẹ́." Nígbà tí ọmọ yíjú lọ bu omi, tó sì ń sọ̀rọ̀ lọ, Ìyá wọn dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ti ọmọ. Kò ní sùúrù rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Láptọ́ọ̀pù ń sọ pé òun ń fi ohùn ránṣẹ́, pálọ̀ dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Lọ́jọ́ Ajé, mo kọ ìṣòro náà síbi táwọn tó ń lo Linux ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni kan ní kí n ra àpótí tuntun. Ẹni kejì ní kí n lọ kàwé. Ẹni kẹta bú ẹni kejì, wọ́n wá fi mí sílẹ̀, wọ́n ń bá ìjà wọn lọ. Àwọn ìpáǹle tí wọn ò mọ wáyà yàtọ̀ sí okùn bàtà.

Èmi náà ni mo wá a rí. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú láptọ́ọ̀pù tó ń dènà fún ohun àjèjì. Òun ni kò jẹ́ kí àpótí dáhùn. Ta ló fi ẹ̀ṣọ́ ọ̀hún síbẹ̀? Èmi ni, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ fún.

Ọjọ́rú, 12

Ó dún! Mo fò sókè.

Ṣùgbọ́n ó ń já. Ọ̀rọ̀ méjì, ó dákẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀, ó dákẹ́, bí ẹni tí òsúkè ń yọ lẹ́nu. Ẹ̀yìn fìríìjì ni ráútà tó ń pín wáífáì wà. Ìyá wọn ló tì í síbẹ̀, ó ní iná rẹ̀ ń ta òun lójú. Mo ti gbé e sórí pẹpẹ ìwé.

Mo bi í pé, "Ṣé ó ṣì ń já?" Ó kọ́kọ́ wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ̀yin rí sí i?" Mo ní ó ṣì ń já díẹ̀díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni o, ó ń já díẹ̀díẹ̀." Kò ní ohun kan tó jẹ́ èrò tirẹ̀. Ibi tí mo bá yí sí ló ń yí sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Kò já mọ́. Ṣe-é-Báyìí wá jẹun. A fi ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò dán an wò. Ó ní ẹnu ọkùnrin náà ti pa dé kí ohùn rẹ̀ tó dé sípíkà. Lóòótọ́ ni, ohùn ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ́nà. Mo ní ṣé rédíò lẹ́nu tí a máa wò ni?

Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu géètì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti bá yín sọ̀rọ̀?" Ọ̀rọ̀ kí ni? Ó ní kò sí. Ó ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Oníṣòwò táyà ń pa òwe fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ọ̀rọ̀ òní dùn mí.

Mo ṣètò láptọ́ọ̀pù kó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí n mọ̀ bóyá ó ṣeé fọkàn tán. Mo gbàgbé pé mo ti fi ohùn sókè pátápátá. Balùwẹ̀ ni mo wà tí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí mì. Fèrèsé ń gbọ̀n. Ayálégbé òkè ń fi igi gbá ilẹ̀ ilé rẹ̀ lé wa lórí. Mo sáré jáde tòun ti táwẹ̀lì, ọṣẹ wà lójú mi.

Ìyá wọn ló wà ní pálọ̀. Ó kẹ̀yìn sí sípíkà, ó ń nu tábìlì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò tilẹ̀ yíjú! Èmi ni mo pa á. Ìgbà tí mo gba iwájú rẹ̀ kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ta gìrì: "Ẹ̀ẹ́tìrí? Kí ló dé tí ẹ kò wọṣọ?"

Mo bú u. Mo sọ ọ́ jáde. Mo ní bó ṣe ń ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́. Òun ló bẹ̀ mí níṣẹ́ yìí o! Ó ń wo ẹnu mi ṣáá. Ó ní, "Ẹ má bínú." Ó ká aṣọ ìnutábìlì rẹ̀, ó wọ kíṣìnì lọ.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ohùn náà tún ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Ọjọ́rú, 19

Ó tún kú.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo rí i mú! Láptọ́ọ̀pù ló ń fi wáífáì tòògbé kí bátìrì má baà tètè tán. Mo ti gba oorun ọ̀hún lójú rẹ̀. Wákàtí kan gbáko, kò kú.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá wọn tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà, tó dijú. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi lajú. Mo ní, "Ṣé ibà ń ṣe é ni, tí o fi ń fọwọ́ kàn án wò?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè pé lọ́jọ́ Sátidé, ṣé a máa rí ojú ọmọ náà? Ta ló ń rí ojú nínú rédíò? Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ rọ. Èèyàn á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya ara ẹ̀ ní wèrè, wọ́n á tún máa béèrè ojú. Ẹni tí kò ṣeé tẹ́ lọ́rùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ó dún láàárọ̀. Ó dún lọ́sàn-án. Ó dún nírọ̀lẹ́. Kí àwọn ará orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ jókòó sí kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá wọn wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ jáde. Ṣe-é-Báyìí dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mo tan gbogbo rẹ̀. Aago mẹ́wàá lù, ohùn Àbíkẹ́yìn sì jáde nínú sípíkà méjèèjì, kò já, kò mì, ó kún pálọ̀ dé àjà. Ó dárúkọ ara rẹ̀. Orí mi wú. Mo rẹ́rìn-ín, Ìyá wọn rẹ́rìn-ín. Omi bọ́ lójú mi, tirẹ̀ náà bọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ó ti yí àga rẹ̀ kúrò lápá sípíkà. Èmi ló kọjú sí.

Ìṣẹ́jú méje ni ọmọ wa fi kà á. Ó dágbére. Ọkùnrin kan gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ nípa òjò àti oòrùn, ohùn rẹ̀ nípọn bíi ti ẹni tó gbé yangan mì. Mi ò tíì nu ojú mi. Ìyá wọn na ọwọ́ sí sípíkà, ẹkún ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ bí ohùn ọmọ mi ṣe tutù!"

Ọkùnrin yẹn ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Mo wo Ṣe-é-Báyìí. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ti mọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí láti ọdún mẹ́rin, tí wọ́n ń sọ fún mi pé ìsọ̀ táyà ni wọ́n ń lọ. Etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Ti òsì tẹ̀ lé e lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rọ tí dókítà kì bọ̀ ọ́ létí kò ràn án.

Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Ó ń wo ètè mi. Kò tilẹ̀ bínú. "Bàbá wọn, ìgbà tí akọ̀wé ibiṣẹ́ yín ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì, kí lẹ pè é nígbà tí ẹ délé? Ẹ pè é ní adití ọ̀bọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan rẹ́rìn-ín rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹ̀rù bà mí pé èmi ló kàn."

Mo béèrè pé kí ló wá dé tó fi ní kí n so sípíkà. Ó ní dókítà sọ pé ohun tó bá pọ̀ gan-an ṣì lè wọlé díẹ̀. Ó rò pé bóyá bó bá pọ̀ tó, ti ọmọ náà máa dé ọ̀dọ̀ òun, lẹ́ẹ̀kan péré. "Ó dé àtẹ́lẹwọ́ mi," ló wí.

Mo ka ohun tí mo ti kọ sínú ìwé yìí láti ọjọ́ kẹta. Ojú tì mí. Ta ni ọ̀dẹ̀ inú rẹ̀?

Láptọ́ọ̀pù ti gba ohùn náà sílẹ̀. Mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé àga mi síwájú Ìyá wọn, orúnkún kan orúnkún, mo sì ń sọ ọ́ tẹ̀ lé Àbíkẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè máa rí i lẹ́nu mi. Orúkọ ọmọ náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó bu sẹ́kún kí n tó parí rẹ̀. Ó ní kí n máa lọ.

A ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó fọwọ́ dá mi dúró. Ó ní òun ò rí ètè òkè dáadáa, irunmú mi bò ó. Irunmú tí mo ti ń gẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́.

Mo ti fá a.