Ìkòkò Méje Láti Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Dé Balùwẹ̀

                                                            Agboolé Alárán,
                                                            Ìsẹ́yìn.
                                                            Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Owewe, 1913.

Ládòkun, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tuntun tí ojú mi kò tíì rí. Ṣé ara ọmọ náà le? Ṣé ìyá rẹ̀ ń rí oorun sùn? Ìwọ ńkọ́? Ṣé èéfín réluwé kò tíì sọ àyà rẹ di dúdú bí ìdí ìkòkò? Bí ẹ bá wà ní àlàáfíà, ìdùnnú wa nìyẹn. Àwa náà wà. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo sì ti gbó. Baba Mùílì, olórí àwa ahunṣọ ní agboolé, ṣì ń ráhùn ẹ̀yìn ríro, wọ́n sì ṣì ń hun aṣọ ju gbogbo àwa ọ̀dọ́ lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ Adétúnjí oníṣòwò aṣọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì fún ara mi, mo wá kà á lẹ́ẹ̀kan fún Ìyá rẹ. O ní o ń bọ̀ ní oṣù Ọ̀pẹ láti wá mú wọn lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n lè wà lójú rẹ. Èrò ọmọ rere ni. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, torí a kò fi irọ́ bá ara wa ṣọ̀rẹ́ láti ilé ìwé: bí o bá mú Ìyá lọ bí a ṣe mú wọn wálé láti oko, wọn kò ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, kí o tó sọ pé Àríyọ̀ tún gbé agídí rẹ̀ dé.

O rántí pé oṣù Igbe lo ránṣẹ́ pé kí n lọ mú wọn kúrò ní oko ọ̀nà Ìwéré, nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì láàárín odò àti ahéré wọn. Òótọ́ ni, ojú wọn ti di bàìbàì. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rí òjìji ènìyàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú wọn wálé, mo tẹ́ ẹní fún wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, mo rò pé iṣẹ́ parí.

Iṣẹ́ kò parí. Obìnrin tó ti ń roko kí a tó bí èmi àtìwọ, a wá sọ wọ́n di ẹni tí à ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún. Òkèlè mẹ́ta, wọ́n ti yó. Bí a bá bi wọ́n, wọn á ní ẹ̀fọ́ tí àwọn kò fi ọwọ́ ara àwọn já kì í gba ọ̀nà ọ̀fun àwọn kọjá. Èyí tó tún dùn wọ́n jù ni ọ̀rọ̀ balùwẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ilé ló ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ, tí wọ́n ń fà wọ́n lọ́wọ́ bọ̀, bí ewúrẹ́ tí a rà lọ́jà. Ìyá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. N kò kọ èyí sí ọ nígbà náà, torí n kò fẹ́ kí o máa sunkún lẹ́nu iṣẹ́ òyìnbó.

Ní ọjọ́ kan ní oṣù Èbìbí, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo wà lórí òfì, mo gbójú sókè, ẹní Ìyá ṣófo. Mo sáré. Ibi tí mo ti bá wọn ni etí yàrà ìlú, ní ọ̀nà Ìwéré, wọ́n gbé ẹrù kékeré kan lérí, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá bèbè yàrà náà.

Mo ní, "Ìyá, níbo lẹ ń lọ?"

Wọ́n ní, "Oko mi."

"Ẹ ò rí ọ̀nà."

"Ọ̀nà mọ̀ mí."

Mo ní kí wọ́n padà, wọ́n ní àwọn kò padà. Mo jókòó sílẹ̀ gẹ̀lẹ̀tẹ̀ lójú ọ̀nà níwájú wọn, mo ní bí wọ́n bá fẹ́ lọ, kí wọ́n gorí mi kọjá. Wọ́n fi ọ̀pá wá mi títí ó fi kàn mí lórí. Wọ́n wá ní, "Àríyọ̀, ojú kọ́ ló ń pa mí. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi kò rí nǹkan ṣe."

Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ, o mọ̀ mí. Mo ní màá dá oko fún wọn sínú agboolé. Wọn kò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti padà. Àdéhùn wa ni pé títí iṣu tuntun yóò fi wọ̀lú, kí àwọn ti fi ọwọ́ ara àwọn já ewé sínú ọbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ń padà sí oko, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lójú ọ̀nà fún àwọn mọ́.

Ibo ni mo fẹ́ dá oko sí? O mọ àgbàlá wa. Òfì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, òwú òfì kọ̀ọ̀kan sì nà láti ìdí ahunṣọ dé ibi òkúta tó ń fà á ní òdìkejì. Ewúrẹ́ gan-an ń fi ọgbọ́n rìn níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ èrò mi, Baba Mùílì ní, "Ṣé orí òwú mi lo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí? Kí n máa hun tẹ̀tẹ̀ mọ́ aṣọ ìyàwó?" Gbogbo òfì rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ìdí ògiri. Abẹ́ etí òrùlé, láti ẹnu ọ̀nà Ìyá dé balùwẹ̀, kò sí òwú níbẹ̀. Kò fẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì le bí àpáta, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Mo lọ bá Àdìjátù aláró. Ó ní àwọn ìkòkò àtijọ́ tí a dá ihò sí nídìí, èyí tí wọ́n ń kó eérú sí kí omi rẹ̀ lè máa ro sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Ihò yẹn ni mo rí tí inú mi dùn: omi òjò kò ní dúró kí gbòǹgbò rà. Ó fún mi ní méje, ó ní, "Jẹ́ kí òjò fọ̀ wọ́n fún oṣù kan kí o tó fi nǹkan sí i o." Mo ní oṣù kan ti pọ̀ jù. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀."

Èmi kò mọ̀. Mo bu erùpẹ̀ sí wọn, mo gbin tẹ̀tẹ̀, ó hù, inú mi dùn, ọjọ́ kẹrin gbogbo rẹ̀ pọ́n, ó gbẹ bí ẹni pé iná jó o. Mo tún gbin òmíràn. Ó tún gbẹ. Ọjọ́ ń lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kí n má baà kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìyá. Àwọn fúnra wọn ló pè mí pé kí n gbé ìkòkò kan wá. Wọ́n ti ìka bọ inú erùpẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tu itọ́ dànù.

Wọ́n ní, "Eérú. Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú ọṣẹ." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ládòkun, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lóko.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n da erùpẹ̀ inú ìkòkò nù, kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún òjò jálẹ̀ oṣù Òkúdu. Ní àkókò yẹn, wọ́n ní kí n wá ohunkóhun tó bá lè gba erùpẹ̀. A lo odó tó là. A lo agbọ̀n ògbólógbòó, a fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, mo so ó kọ́ igi àjà níta níbi tí ẹnu ewúrẹ́ kò tó. A ri ọ̀pá mọ́ ìdí ògiri, elégédé gùn ún lọ, torí ibi tí ilẹ̀ kò bá ti gbà wá, òkè ń gbà wá. Erùpẹ̀ tí a lò, ẹ̀yìn ilé ewúrẹ́ ni mo ti ń gbẹ́ ẹ, a pò ó mọ́ koríko òrùlé tó ti jẹrà. Ìyá kì í fojú wò ó. Wọn á fún un lọ́wọ́, wọn á gbóòórùn rẹ̀, wọn á ní, "Kò tíì jinná."

Nígbà tí oṣù Agẹmọ wọlé, tí ìkòkò kò sì ní ìtọ́wò eérú mọ́, a ṣí àwọn ọ̀gbìn tó ti hù nínú odó àti agbọ̀n lọ sínú wọn. Mo rò pé èmi ni n ó tò wọ́n. Ìyá ní rárá. Ẹ̀fìnrìn ni wọ́n fi ṣáájú, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tí etí aṣọ yóò ti máa kàn án tí òórùn rẹ̀ yóò sì máa jáde. Tẹ̀tẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ata, gbúre, ilá, èyí tí ewé rẹ̀ ń gún ọwọ́ bí àgbọ̀n Baba Mùílì tí wọn kò tíì fá. Wọ́n fi ṣọkọ ṣe ìkẹfà. Ewúro ni wọ́n fi parí rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo kàn ń gbé ìkòkò ni.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá mú ọṣẹ àti kànrìnkàn wọn, wọ́n jáde, wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀, wọ́n ń fi ìka kan ewé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi wọ balùwẹ̀. Àwọn nìkan. Òfì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dákẹ́. Nígbà tí iṣu tuntun dé, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn já tẹ̀tẹ̀ àti gbúre, wọ́n sebẹ̀, kò sì sí ẹni tó ka òkèlè wọn mọ́.

Ìbá dára bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Ní oṣù Ògún, Baba Mùílì fẹ́ ta òwú gígùn kan, àyè kò gbà wọ́n. Wọ́n gbé ìkòkò ilá sí apá kejì àgbàlá, wọ́n sún òkúta wọn sí ipò rẹ̀. Wọn kò ronú sí i. Ìyá ń bọ̀ láti balùwẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ewúro, wọ́n kan ṣọkọ, ọwọ́ wọn wá bá òfìfo. Wọ́n yà láti wá a, wọ́n sì rìn wọ inú òwú. Òwú ń já tààtàà, Ìyá ṣubú lórí eékún, òwú aláró lọ́rùn wọn, lápá wọn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí Baba Mùílì ní ọjọ́ náà tí ọmọdé kì í sọ sí àgbà. Mo máa tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣe é. Ìyá ní tiwọn wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Wọ́n ní ẹni tó bá ba iṣẹ́ onílé jẹ́ kò yẹ kó bá onílé gbé. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ń so okùn ẹrù lọ.

A gbọ́ ìró nǹkan tó wúwo níta. Baba Mùílì ni, wọ́n fi ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n gbé ìkòkò ilá náà padà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyá Ládòkun, òwú já, a ó so ó. Bí ẹ̀yin bá já mọ́ wa lọ́wọ́, ta ni yóò so yín?"

Ìyá jáde, wọ́n fọwọ́ kan ewé ilá náà. Wọ́n wá ní, "Ẹ sún un mọ́ ògiri díẹ̀ sí i." Wọ́n tú ẹrù wọn.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, ilé là á wò kí a tó mú ìyá lọ síbẹ̀. O kọ̀wé pé yàrá kan ṣoṣo àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lo ní, pé ayálégbé mẹ́rin ló ń pín àgbàlá, pé ilẹ̀ kò sí. Ilẹ̀ wà, ìwọ ni o kò tíì wo ìdí ògiri. Wá garawa karosíìnì tó ti ṣófo. Dá iná sí inú wọn kí òórùn náà lọ, fi ìṣó lu ihò sí ìdí wọn, kí o sì fọ̀ wọ́n dáadáa. Má ṣe bí èmi. Bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ewé lè ga kí ọyẹ́ tó dé. Tò wọ́n bí Ìyá ṣe tò ó, má fi ọgbọ́n ilé ìwé kún un, kí o sì jẹ́ kí àwọn ayálégbé náà búra pé ẹnikẹ́ni kò ní sún garawa kan.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ fún mi. Baba Mùílì kí ọ, Àdìjátù kí ọ. Bí Ìyá bá lọ, àgbàlá yìí yóò ṣófo fún mi, ṣùgbọ́n n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

N kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbà. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, wọ́n dìde lọ bomi rin tẹ̀tẹ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Lánàá, a jọ ń já ata, wọ́n ṣàdédé bi mí pé bí ènìyàn bá jáde nínú yàrá Ládòkun, ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni balùwẹ̀ wà ni, àbí ọwọ́ òsì. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní kí n kọ̀wé béèrè.

Mo ti béèrè. Adétúnjí yóò dúró gba èsì lọ́wọ́ rẹ.

Tìrẹ ni mo jẹ́, bó o gbọ́ tèmi bó ò gbọ́,

Àríyọ̀.