Ajá Tí Mo Dè Bí Adìẹ

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìkíni mi wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mò ń kọ ọ́. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi wo orúnkún wọn. Mo kí Bọ̀dá Ṣọjí àti ìyàwó wọn tuntun tí mi ò tíì rí sójú. Tíṣà tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí náà ńkọ́, ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan o, kódà ibi tí kò bá dáa.

Màmá, ẹ bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé ṣé Èkó ti mọ́ mi lára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Irọ́ ni. Òjò ló ń rọ̀ ní Festac láti ìjẹta, omi gọ́tà ti gòkè wá bá wa nínú kílóòsì, ìyẹn òpópónà wa, orí búlọ́ọ̀kù là ń tẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ aṣọ tí mò ń kọ́ ní Agboju, ìdí bọ́tìnnì ni mo ṣì wà. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi le bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ ebè, pé ṣé abẹ́rẹ́ ni mo mú dání ni àbí ọkọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Owó tí mo ní màá fi ránṣẹ́, ẹ má retí ẹ̀.

Nínú ilé tí mò ń gbé, Gẹ̀ẹ́sì ni Àǹtí Bọ́lá àti ọkọ wọn ń bá ara wọn sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni Tọ́lú ọmọ wọn ń sọ. Tó bá kan èmi, wọ́n á wá Yorùbá kan, wọ́n á fi rán mi níṣẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé mi ò ní sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ láti àárọ̀ dalẹ́: ẹ káàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mà, ó dàárọ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ajá dé.

Dúkì lorúkọ ẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tó kó lọ sí Kánádà ló ni ín. Wọ́n rí ẹni ra mọ́tò wọn, wọ́n rí ẹni ra fíríìjì, wọn ò rí ẹni gba ajá. Àǹtí Bọ́lá gbà á nítorí àwọn olè tó ń fo fẹ́ǹsì. Jámánì Ṣẹ́pàdì ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń da àgùntàn. Ẹ rántí ajá àwọn Fúlàní tó máa ń tẹ̀ lé màlúù lẹ́yìn oko wa? Iṣẹ́ kan náà ni, àmọ́ èyí ga ju ìyẹn lọ, etí ẹ̀ nà ṣánṣán, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Àǹtí wo ajá, wọ́n wò mí, wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo ti oko wá, ìwọ lo mọ ẹranko, òun nìyẹn. Dádì, ìyẹn ọkọ wọn, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní oṣù kan péré lòun fún un. Tí kò bá fara balẹ̀ láàárín oṣù kan, òun á gbé e fún ọ̀gá kan ní Satellite Town tó ní ọgbà tí wọ́n ń gbé táńkà epo sí. Ibẹ̀, ṣéènì ni wọ́n fi ń de ajá mọ́ òpó. Wọn kì í tú u.

Màmá, ajá yìí kọ oúnjẹ. Á máa lọ, á máa bọ̀ nínú kọ́ḿpáùǹdì. Tí mọ́tò kan bá dún bíi tàwọn olówó ẹ̀ níta, á sáré lọ sẹ́nu géètì, á fi imú sí abẹ́ ẹ̀, á máa sunkún bí ọmọdé. Mo sọ fún un pé wọn ò ní í padà wá mọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ajá.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Tí ẹ bá ra adìẹ tuntun lọ́jà, ẹ ó gbé e yí ààrò ká lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó wá dè é lẹ́sẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga fún ọjọ́ méje, kó lè mọ ilé. Kò sí adìẹ yín tó sọnù rí. Mo ní kí ló wà nínú ajá náà tó ju ìyẹn lọ?

Àmọ́ kò sí ààrò níbí, gáàsì ló wà. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ẹran tan Dúkì wọ kíṣìn. Gáàsì fara ti ògiri, a ò lè yí i ká, ni mo bá fà á bọ́ sí àárín. Mò ń fa ajá, ajá ń fa èmi. Ká tó yí ẹ̀ẹ̀kejì, ìrù ẹ̀ ti gbá ìkòkò ọbẹ̀ dànù. Nígbà tí Àǹtí dé, wọ́n bi mí pé kí ni gáàsì ń wá láàárín kíṣìn. Mo ní mo fẹ́ gbálẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ni. Wọ́n ní o káre, ọmọ dáadáa, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Wọn ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọbẹ̀.

Mo wá dè é mọ́ irin tó gbé tààǹkì omi dúró. Ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kejì, ó ti yí irin náà títí okùn fi tán, ọrùn ẹ̀ há. Mo tú u, mo tún un dè. Ní ọjọ́ kẹrin, ohùn ẹ̀ ti há, ọrùn ẹ̀ ti bó. Dádì ní ṣé èyí ni ajá tó máa mọ ilé, pé òun ò ro pé ó máa pé oṣù náà.

Bọ̀dá Tósìn, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kan tó ń gbé ilé kejì, ló yọjú lórí fẹ́ǹsì. Wọ́n ti sin ajá rí. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi dè é bẹ́ẹ̀, ṣé adìẹ ni? Mo ní háà, ẹ ṣe mọ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di fẹ́ǹsì mú. Lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ajá tí wọ́n bí fún iṣẹ́ dída ẹran, tí o bá dè é lójú kan, orí ẹ̀ á dàrú. Wọ́n ní kí n máa mú un rìn ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí n tún mú un rìn nírọ̀lẹ́. Kí ibi tó ń sùn má yí padà, kí àkókò oúnjẹ ẹ̀ má yí padà. Kí n má fi tipá fọwọ́ kàn án, kí n jókòó tì í kí òun fúnra ẹ̀ wá bá mi. Kí n máa fi okùn gígùn dè é kìkì tí mi ò bá sí níbẹ̀. Kí n sì fún un níṣẹ́. Àti pé kí n má tú u sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọdé bá ti ń sáré o, torí tí kò bá rí àgùntàn, èèyàn ló máa dà.

Mo ṣe gbogbo ẹ̀. À ń rìn dé etí kánáàlì ká tó padà. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé ilé wa ní Ìgbòho la wà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ, àmọ́ kò pẹ́ tó fi gbọ́ Yorùbá mi: wá, dúró, ó tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo fún un ní iṣẹ́ kí ó máa gbé báàgì òwú mi wọlé, ó ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mò ń rán bọ́tìnnì, ó wá, ó yí mi po lẹ́ẹ̀kan, ó dùbúlẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, ó sùn. Mi ò mira. Ẹsẹ̀ mi kú, mi ò mira. Mo sunkún, Màmá. Kò sí ẹni tó ti fara kàn mí láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Mazamaza.

Àǹtí pàápàá ní ajá yìí ti ń di ọmọ ilé. Oṣù ku ọ̀sẹ̀ kan.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìpàdé àdúrà bọ́ sí ilé wa. Àwọn àgbà wà ní pálọ̀, àwọn ọmọ wà níta. Mo gbé omi kọjá, mo gbọ́ tí Tọ́lú ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé ẹ wo ará oko àti ajá ẹ̀, pé ajá yẹn gbọ́n jù mí lọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nǹkan kan gbóná láyà mi. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Mo lọ sí ẹ̀yìn, mo tú Dúkì sílẹ̀.

Ó jáde bí ọfà. Kò gbó, kò pariwo. Ó yí àwọn ọmọ náà po, ó ń dà wọ́n jọ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi èjìká ti èyí, ó ń fi imú ti tọ̀ún, títí ó fi kó gbogbo wọn sí kọ̀rọ̀ tààǹkì omi. Tọ́lú wà láàárín wọn, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Kí n má parọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Sámù, ọmọ tó kéré jù, ya kúrò, ó sáré. Dúkì lé e, ó gé e jẹ ní gìgísẹ̀ bí irú ẹ̀ ṣe máa ń ṣe fún àgùntàn. Ara bó, ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Jésù gba pálọ̀ kan. Mọ́mì Sámù ní ajá yìí kì í ṣe ajá lásán, ta ló kọ́ ajá láti máa kó ọmọ ọlọ́mọ jọ? Wọ́n gbé Sámù lọ gba abẹ́rẹ́. Àǹtí dojú kọ mí, wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́, ta ló tú ajá?

Mo ní òun ló já okùn.

Wọ́n ní kí n lọ mú okùn náà wá. Mo lọ. Màmá, sísọ́ọ̀sì tí ẹ rà fún mi kí n fi kọ́ṣẹ́, òun ni mo fi gé okùn náà, mo fọwọ́ tú etí ẹ̀ kó lè dà bíi pé eyín ló já a. Dádì mú un, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé èèyàn ló tú u, òun á mọ ẹni tí òun máa bá wí, ajá á sì wà nílé. Àmọ́ ajá tó bá ń já okùn fúnra ẹ̀, kò sí ilé tó lè gbà á.

Mo dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ro pé wọ́n á dá mi padà sílé, mo ro ohun tí àwọn ará àdúgbò máa sọ fún yín. Mo gbé e mì.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n fi pikọ́pù wá gbé e. Ó kọ̀, kò wọlé. Ó yọ eyín sí awakọ̀. Àǹtí ní kí wọ́n pè mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ gun pikọ́pù. Mo ní wá. Ó wá, Màmá. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tí a dé ọgbà náà, wọ́n ní kí n bá àwọn di orí ẹ̀ mú kí wọ́n lè ti ṣéènì. Mo dì í mú.

Mo padà lọ wò ó ní Sátidé. Ó ń yí òpó po, ilẹ̀ ibẹ̀ ti jin bí ojú ọ̀nà. Mo pè é. Ó wò mí, kò dúró, ó tún yí lọ.

Bọ̀dá Tósìn, àwọn nìkan ni mo jẹ́wọ́ fún, ti bá mi bẹ ọ̀gá ọgbà náà. Ọ̀gá ní òun ò dá a padà, pé ajá tó ń gé èèyàn jẹ gan-an lòun ń wá. Nítorí náà, tí mo bá jẹ́wọ́ lónìí, kò sí ohun tó máa yí padà fún Dúkì. Mo mọ̀. Àmọ́ mi ò lè wo ojú Àǹtí kí n sọ ọ́, ni mo ṣe gbé lẹ́tà yìí sórí ayélujára níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á, kí Àǹtí náà lè kà á. Àǹtí, mà, èmi ni mo tú u. Mo tún parọ́ mọ́ ẹni tí kò lẹ́nu.

Màmá, ẹ má sọ fún mi pé ajá lásán ni. Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí iṣu yín ta, kí ẹ má ṣe rí irú ojú tí ó fi wò mí yẹn láé. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Tí wọ́n bá dá mi padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ tí mo bá dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́