Igi Kejìlá ní Ìlà Keje

Mọ́ńdè, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì 2025
Kòkó mi ń ṣàìsàn. Kòkó tèmi! Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, mo kọ́ ilé mẹ́ta. Kò sí oko tó tó tèmi ní Ìgbàrà-Odò. Ẹ̀ka ń wú, ewé ń pọ́n. Tolúlọpẹ́ ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà n'Ìkẹ́rẹ́, ní òun á kó AI wá. Kì í ṣe ẹyọ kan — agbo wọn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ kálukú.

Fúráìdé, 8
Wọ́n dé, inú fóònù. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Olójú ń wo fọ́tò ewé. Olójò mọ òjò tó rọ̀. Akọ̀wé ń kó ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ìkẹrin kò níṣẹ́ méjì ju kó máa tú iṣẹ́ àwọn yòókù wò — Kò-gbà. Irú rẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa.
A ya fọ́tò igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá tó ń ṣàìsàn jẹ́ ìlà mẹ́wàá, igi méjìlá-méjìlá. Mo fo ọ̀kan.

Sátidé, 9
Kò-gbà ti rí i! Ó ní igi mọ́kànlá ló wà ní ìlà keje, ìkejìlá dà? Tolúlọpẹ́ ní, "Bàbá mi, kí ni kí n sọ fún wọn?" Mo ní àlàfo ni, àrá ti sán èyí tó wà níbẹ̀ pa. Akọ̀wé ní àrùn ẹ̀ka wíwú ni, ó ń ràn; ká gé igi mẹ́rìnlá tó ní i, ká hú gbòǹgbò wọn. A gé wọn.

Sọ́ńdè, 10
Kí n kọ ọ́ síbí, n kò lè sọ ọ́ níbòmíràn. Ọdún tí a bí Ìbíkúnlé, àkọ́bí mi, ìdí igi kejìlá yẹn ni mo sin ibi-ọmọ rẹ̀ sí. Igi náà kò ga ju orúnkún mi lọ. Àwọn méjèèjì jọ dàgbà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tí ọ̀kadà pa á lọ́nà Ìlawẹ̀. Igi ló kù.
Ẹ̀ka rẹ̀ wú ju ti gbogbo wọn lọ. Ojú tí Olójú ní, èmi náà ní i.

Sátidé, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà
Igi mẹ́sàn-án mìíràn ti wú.

Sọ́ńdè, 21
Tolúlọpẹ́ wá, a tún ya fọ́tò. Olójú ní àrùn àtijọ́ náà ni. Olójò ní kò kan òjò. Kò-gbà ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yí àlàfo yẹn ká. Tolúlọpẹ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè: "Àlàfo kì í kó àrùn ran igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bi bàbá."
Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ láàfin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyẹ̀pẹ̀ bàtà mi. Yèyé Ìbíkúnlé, ìyàwó mi, ló dáhùn lẹ́nu ọ̀nà: "Igi ọmọ mi ni. Ṣé ẹ rò pé n kò mọ̀ ni, Bàbá Ìbíkúnlé? Èmi náà ò fẹ́ kí ẹ gé e."
Tolúlọpẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún wọn, ó ń sunkún. Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní àwa la ni igi. Ṣùgbọ́n tó bá dúró, oko ò ní dúró.

Mọ́ńdè, 22
Mo gé e. N kò jẹ́ kí lébìrà fọwọ́ kàn án. Mo hú gbòǹgbò rẹ̀. Yèyé jókòó tì mí. Níbi tí mo sin ibi-ọmọ náà sí — iyẹ̀pẹ̀ lásán ni mo bá.
Tolúlọpẹ́ béèrè ohun tí òun máa kọ fún wọn sí igi kejìlá, ìlà keje.
Mo ní kó kọ àlàfo.